Wọ́n tún fa wáyà eyín mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà eyín dé, ní Bódìjà. Wọ́n yọ àwọn rọ́bà kéékèèké tó di wáyà tí wọ́n fi ń to eyín mi mú, tí epo ọbẹ̀ ti sọ di pípọ́n, wọ́n fi wáyà tó le ju ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà tuntun dè é. Kò dùn mí níbẹ̀ rárá.

Ìgbà tí mo délé ló bẹ̀rẹ̀. Eyín tí mo fi ń fọ́ eegun, kò lè gé búrẹ́dì lásán mọ́! Àmàlà àti ewédú nìkan ló ń lọ. Màmá onílé wa ní, "Àgbà bíi tìẹ, kí lo ń fi irin sẹ́nu fún?" Mo ní, "Mà, eyín àgbà náà ṣeé tò." Inú mi sì dùn, torí eyín iwájú tó gorí ara wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà kẹ́ ẹ tó fi wáyà sẹ́nu, ṣé bó ṣe ń ro yín náà nìyí? Kí lẹ̀ ń jẹ?