Ọyẹ́ dé, a gbé Dàmi kiri: Ìdànrè, Oǹdó, títí dé Ìkọ̀gòsì

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ọdún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ nǹkan nípa ọlidé wa yìí, iṣẹ́ ò jẹ́, ọmọ náà ò sì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà l'Ékòó ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí la fẹ́ jókòó ṣe sí Àkúrẹ́ lásìkò Kérésì, ká gbé ọmọ wá kó wá rí òkun. Mo ní ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rin, tó jẹ́ pé kí mọ́tò tó kúrò ní Ọ̀bà-Ilé á ti máa béèrè pé "ṣé a ti dé?", kí n wá gbé e wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lẹ́kí, kí ni mo jẹ ẹ? Itòsí ilé náà la ó ti ṣe ọdún, ibì kan ṣoṣo lóòjọ́, ká tètè jáde, ká tètè wọlé. Òfin tí mo ṣe nìyẹn, olórí ilé mi sì fọwọ́ sí i, nígbà tí kò rí ọ̀nà míì.

Ọyẹ́ ọ̀hún ò ṣeré rárá. Láàárọ̀ òtútù á máa wọ egungun, eruku tó ń bá afẹ́fẹ́ bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á ti bo orí mọ́tò, tó bá di ọ̀sán oòrùn á tún máa jó èèyàn lẹ́yìn ọrùn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń wọ kóòtù ńlá kan fún Dàmi, síńgílẹ́ẹ̀tì ni, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn lé e, súwẹ́tà lé e, bí oòrùn bá ṣe ń yọ la ó máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ètè ló le jù. Ọmọ yìí máa ń lá ètè ṣáá, bí ẹ bá a sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú á ṣì lá a, ó sì ń bẹ́. Òrí gidi ni mo rà l'Ọ́jà Ọba, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti po lọ́fínńdà mọ́, mo fi pa ètè, ẹ̀yìn etí, orúnkún, gìgísẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń dán, ó wá gbójú sókè ó ní, "Mọ́mì, mo ti di dòdò."

Ìdànrè la kọ́kọ́ lọ. Kí n tètè sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ gun òkè yẹn nígbà ọyẹ́, ẹ má tìtorí fọ́tò lọ o. Níbi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí kẹ́ ẹ máa wo gbogbo ìlú nísàlẹ̀, kùrukùru funfun lásán lẹ máa rí. Ọkọ mi yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń nu dígí ẹ̀ ṣáá, ó nù ún títí, ó rò pé dígí ló dọ̀tí. Àmọ́ ti gígùn ẹ̀, àsìkò yìí gan-an ló dáa, torí ara ò gbóná. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Dàmi mọ oókan dé ẹẹ́wàá, ó wá ń ka àtẹ̀gùn, tó bá ti dé ẹẹ́wàá á tún padà sí oókan, ní tiẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré ló wà lórí òkè Ìdànrè, ó kàn ń pẹ́ kó tó tán ni. Nígbà tó ṣe, ó dúró, ó nawọ́ sí bàbá ẹ̀. Mo ti mú ọ̀já dání, ọ̀já àǹkárá, mo ní olówó orí mi, ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ọkùnrin onírùngbọ̀n ṣe pọn ọmọ gun òkè Ìdànrè, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń kí i pé "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o", inú ẹ̀ ń dùn, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun le tó bẹ́ẹ̀.

Lókè, ìlú àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ààfin Ọwá, kóòtù, ilé ìwé tí wọ́n kọ́ ní 1896. Kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ táwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ wá máa gbé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ń sọ pé láti 2007 lorúkọ òkè náà ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ fún UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àwọn ibi àjogúnbá, pé kí wọ́n wò ó, ọkọ mi ní ṣé wíwò náà ni wọ́n ṣì ń wò láti ọjọ́ yìí. Èmi ń ro tàwọn obìnrin tó gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń pọn ọmọ, tí wọ́n ru igi, níbi tí orúnkún tèmi ti ń gbọ̀n yìí. Dàmi ní tiẹ̀, aláǹgbá ló rí. Aláǹgbá olórí pupa kan lórí àpáta, ó ń mi orí, Dàmi náà ń mi orí, aláǹgbá tún mi tiẹ̀, wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀ títí, ààfin ọba ò jọ ọ́ lójú rárá.

Nígbà tá à ń bọ̀ a dúró ní Àlàdé. Wọ́n sá kókó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òórùn ẹ̀ kan gbogbo àdúgbò. Bàbá àgbà kan tó ń fi ẹsẹ̀ yí kókó gbígbẹ rí ọmọ, wọ́n mú kókó tútù kan, wọ́n fi àdá là á, wọ́n ní "gbà, máa lá a." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lóko ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ, ẹran ara ẹ̀ funfun, ó ń yọ̀, ó dùn, ó tún kan díẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa ni kókó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà, ọmọ mi ń mu tíì oníkókó láràárọ̀, kò mọ̀ pé orí igi ló ti wá. Ó lá a, ó tu kóró ẹ̀ sọ́wọ́ mi, ó tún nawọ́ sí bàbá náà. Omi ẹ̀ tó kán sára súwẹ́tà, mo ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ.

Kérésì gan-an, Òde Oǹdó la wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ẹ mọ bó ṣe ń rí, ìrẹsì, adìẹ, ẹbí tó ń bọ́ wọlé lọ́tùn-ún lósì, báńgà ń dún lójú títì, Dàmi ń sá wọ abẹ́ ìró Màmá. Lóru ni imú ẹ̀ ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọyẹ́ ló ń fà á, inú imú á gbẹ, á là, ọmọ á tún máa tì í níka. Gbogbo ilé jí. Màmá ní ká gbé orí ẹ̀ sókè, ẹnì kan ní ká da omi tútù sí i lórí, òmíì ń pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù. Nọ́ọ̀sì kan nílé kejì ló gbọ́ ariwo tó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Màmá ná, ó ní "Ẹ má bínú Mà, ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú." Ó mú ọmọ jókòó, ó tẹ orí ẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ sẹ́yìn ni, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sọ́nà ọ̀fun, á gbé e mì, á sì bì. Ó fi ìka méjì fún ibi rírọ̀ imú pọ̀, ó ní kí Dàmi máa fẹnu mí, kò tú u sílẹ̀ títí bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá. Màmá wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Orí bàbá ẹ̀ la máa ń gbé sókè ní tiwa o, kò sì kú." Ta ló máa dáhùn? Látìgbà yẹn, kó tó sùn, mo máa ń fi fasilíìnì díẹ̀ ra ẹnu imú ẹ̀.

Ti ọ̀nà, ojúmọmọ la lọ, ojúmọmọ la bọ̀, kò sẹ́ni tí ò mọ ìdí ẹ̀ láyé tá a wà yìí. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn dúró níbì kan, Dàmi gbọ́wọ́ sórí ó kí wọn bíi sójà, ọ̀kan nínú wọn fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì, ó dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn la gbọ́ dé Àkúrẹ́.

Ìkọ̀gòsì ló wá dùn jù. Èkìtì ni, mo mọ̀, ẹ má bá mi jà, ṣebí ìpínlẹ̀ kan náà la jọ jẹ́ títí di 1996. Ẹ gba Ìgbàrà-Òkè, ẹ gba Ìgbàrà-Odò, ẹ ti débẹ̀. Ìsun omi méjì ni, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀kan tutù, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n á fi pàdé. Ẹ gbé ọmọ débẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Dàmi tó ti ń gbọ̀n látinú mọ́tò, mo bọ́ bàtà ẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dákẹ́. Ó ti òsì bọ èyí tó tutù, ó pariwo. Ó gbé e kúrò, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún pariwo, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ojú ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ fi hunjọ. Bàbá ẹ̀ wá ń pa ìtàn ibẹ̀ fún un, pé ìyàwó ọdẹ kan ni méjèèjì, wọ́n jà, wọ́n di omi, èyí tí inú ẹ̀ máa ń tètè bí ló di omi gbígbóná. Ọmọ yìí ronú díẹ̀, ó yíjú sí mi: "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin ni èyí tó gbóná?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán.

Èyí tó kù báyìí ni Àráròmí, létí òkun níjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, torí ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó ò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òkun yìí. Ọ̀nà ẹ̀ jìn, kò sì ṣe é lọ ká bọ̀ lójúmọ́ kan pẹ̀lú ọmọ. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ kékeré débẹ̀, ẹ bá mi sọ ọ́ o, ṣé ibi tó mọ́ wà téèyàn lè sùn, ọ̀nà ńkọ́, ẹ̀fọn ńkọ́?