Owó àdífáàtì fojú mi rí màbo ní Kubwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sáìtì kékeré bíi tèmi, tẹ́ ẹ ti kó èèyàn jọ síbẹ̀ tán, tẹ́ ẹ wá ń ronú bẹ́ ẹ ṣe máa rówó sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tó gbé sáìtì dúró lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) san lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, inú mi ò tíì rọ̀.

Sáìtì àwa Yorùbá tó wà l'Ábújá ni tèmi. Ẹni tó ń wá yàrá, ẹni tó ń wá ẹni tí wọ́n jọ máa wọkọ̀ lọ Ìlọrin lọ́dún iléyá, ẹni tó ń wá ẹ̀lúbọ́ gidi rà ní Nyanya, ibẹ̀ ni wọ́n ń wá. A ti lé ní 2,000, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ nígbà yẹn. Dọ́là sì lowó sẹ́fà, ẹ mọ ohun tójú náírà ti rí láti June 2023. Mo kọ́kọ́ gbé àdífáàtì Google síbẹ̀, àmọ́ wọn kì í sanwó àfi tó bá pé 100 dọ́là, oṣù mẹ́jọ mi ò tíì dé ìdajì. Ni mo bá ní kí n máa gba àdífáàtì fúnra mi.

Ajẹ́ntì ilé kan ló kọ́kọ́ gbé owó gidi wá, 30,000 lóṣù, ó san oṣù mẹ́ta pọ̀. Ẹ má sọ pé mi ò wádìí o, mo dé ọ́fíìsì ẹ̀ ní Lugbe, ó ní tábìlì, ó ní fáànù, ó tiẹ̀ fún mi ní mínírà.

Ìyá kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì rí àdífáàtì ẹ̀ níbẹ̀, ó san 450,000 fún yàrá. Ọjọ́ tí wọ́n kẹ́rù dé, èèyàn mẹ́ta ti wà lẹ́nu géètì, gbogbo wọn ló ní rìsíìtì yàrá kan náà lọ́wọ́. Ọjọ́ Sunday ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Kò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó kàn na fóònù sí mi: "Bàbá Tómi, ẹ bá mi wò ó, ṣé kì í ṣe orúkọ sáìtì yín ló wà lókè yìí? Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n ni." Lóòótọ́ a kọ "ìpolówó" síbẹ̀, àmọ́ lẹ́tà ẹ̀ kéré débi pé èmi gan-an fa fóònù mọ́ ojú kí n tó rí i. Ọmọ ẹ̀ dúró tì í, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó abọ́ sí dání, torí wọn ò tíì ríbi sọ ẹrù kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Èyí tí mi ò lè sọ fún un ni pé, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kó tó sanwó, mẹ́ḿbà kan ti kọ̀wé sí mi pé kí n ṣọ́ra fún ajẹ́ntì yẹn. Mo kà á. Mo ní màá wò ó. 90,000 ajẹ́ntì náà ti bá sẹ́fà lọ.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ẹni tó ń sanwó fún yín lẹ máa ń wojú ẹ̀. Mo yọ àdífáàtì yẹn, mo ń dá owó ìyá náà padà díẹ̀díẹ̀ (mi ò jẹ ẹ́ o, ìtìjú ni), mo wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan síbẹ̀ máa san 500 lóṣù, ọ̀fẹ́ ṣì ni kíkà. 163 ló ti san, ó ká sẹ́fà.

Àwọn kan bú mi pé ṣebí ọ̀fẹ́ ni WhatsApp. WhatsApp náà ti gba 1 dọ́là lọ́dún rí, 2016 ni wọ́n fi í sílẹ̀, lẹ́yìn tí Facebook ti rà wọ́n, Facebook tí àdífáàtì ń bọ́. Èmi ò ní Facebook tó máa rà mí.

Ẹ má sì rò pé owó mẹ́ḿbà nìkan ń lé oníjìbìtì. Nígbà tí Twitter ta àmì búlúù, tí wọ́n fi ń mọ ojúlówó èèyàn tẹ́lẹ̀, ní 8 dọ́là ní November 2022, kíá làwọn ayédèrú ti rà á. Ẹ ṣì máa wádìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ mẹ́ḿbà tó san 500, tó bá kọ̀wé sí mi báyìí pé kí n ṣọ́ra, lójú ẹsẹ̀ ni mò ń dìde, torí òun ni mò ń wojú ẹ̀.

Lánàá, oníbẹ́ẹ̀tì kan pè, ó ní òun máa san 60,000 lóṣù. Mo ṣì ń ṣírò ẹ̀ lọ́kàn nígbà tíyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.