Epo àárọ̀, epo ọ̀sán

Ìfàkì ni mo wà lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń bá yèyé mi rọ kẹrosíìnì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo fẹ́ rọ ọ́ dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ni wọ́n bá ní, "Má rọ ọ́ kún o. Àárọ̀ la ṣì wà yìí. Tí oòrùn bá na epo yẹn tán, á wú, á sì máa tú jáde."

Àrọ dúró lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ń wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìṣirò mi l'Ádó.

Ohun tí mò ń ṣírò ni agbára tí ojú epo fi ń fa ara rẹ̀ pọ̀, surface tension. Òun náà ló ń jẹ́ kí omi rọ́ ṣùṣù lórí ewé kókò, òun ló sì ń di epo mú sínú ihò kéékèèké òkúta lábẹ́ ilẹ̀. Ní 20 °C, ti omi jẹ́ 72.8 mN/m (ìwọ̀n agbára yìí), ti decane àti hexane, èròjà méjì tó máa ń wà nínú epo, sì jẹ́ 23.8 àti 18.4. Bí decane àti hexane bá dà pọ̀, èèyàn lè fojú bu àárín wọn, kò sì ní jìnnà púpọ̀. Ṣùgbọ́n epo abẹ́ ilẹ̀ máa ń ní methane, tó jẹ́ gáàsì, nínú, bẹ́ẹ̀ methane kò lè di olómi, bó ti wù ká tẹ̀ ẹ́ tó, àfi tó bá tutù kọjá −82.6 °C. Ojú wo la fẹ́ wọ̀n lára ohun tí kò ní ojú?

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn parachor, nọ́ńbà kan tí a fi ń ti ara ìwúwo èròjà (density, bó ṣe wúwo tó nínú àyè kan) mọ agbára ojú rẹ̀. Macleod ló kọ́kọ́ so ojú epo mọ́ ìwúwo rẹ̀ lọ́dún 1923, Sugden gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1924, Weinaug àti Katz sì fi ṣírò àdàlù methane àti propane lọ́dún 1943. Olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀: methane 77, propane nǹkan bí 150, decane nǹkan bí 430. A ó fi nọ́ńbà yìí, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìwúwo ṣírò ti epo, a ó yọ ti gáàsì orí rẹ̀ kúrò, a ó wá kọ ohun tó kù lẹ́ẹ̀mẹrin, a ó sì fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀ (fourth power). Mẹ́rin yìí ló léwu. Bí ìwúwo bá fi 1 nínú 100 ṣìnà, ìdáhùn á fi nǹkan bí 4 ṣìnà.

Kí n tó fi methane sí i, mo kọ́kọ́ dán decane nìkan wò ní 60 °C. Ó yẹ kó fún mi ní nǹkan bí 20. Ó ń fún mi ní 24. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà parachor, mo tún ìlà iṣẹ́ náà kọ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sùn dáadáa. Ìwúwo tí mo ń lò ni 730 kg ní mítà onígun mẹ́ta kan, ti 20 °C ni! Ní 60 °C, epo ti wú, ó ti di nǹkan bí 699.

Ẹ̀yìn ìwé rìsíìtì yèyé mi ni mo ti ṣe é, pẹ̀lú ọwọ́ olóróró. Ó bọ́ sí 20 gan-an. Mo pariwo, wọ́n ní kí ló dé, mo ní ọ̀rọ̀ oòrùn tí ẹ sọ ni.

Lọ́jọ́ Ajé ni màá fi methane sí i. Bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni ojú epo á máa rọ̀, títí tí epo àti gáàsì á fi di ọ̀kan, tí ìfà náà á di òdo. Itòsí ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ wò, nítorí níbẹ̀, ìwúwo gáàsì náà ti di ohun tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.