Oòrùn oṣù kejì, ilẹ̀ tútù: ohun tí mo kọ́ lóko mi ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ẹ̀yìnkùlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, tí oòrùn bá ràn yín lójijì ní oṣù kejì, ẹ má tíì tú irúgbìn yín. Mo ti tú tèmi rí, mo sì mọ ohun tó ná mi.

Láti ọdún 2016 ni mo ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ kánsù ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Kò ju yàrá méjì lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti ń rí tẹ̀tẹ̀, ewédú àti àgbàdo tí mò ń jẹ. Níparí oṣù kejì ọdún 2018, yìnyín ni mò ń fi ṣọ́bìrì wà kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí n tó ráyè lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan géérégé, ooru ló dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n wọn 20.6°C ní Trawsgoed ní Wales. Kò sí ibì kankan ní Bìrìtéènì tó tíì kan 20 rí nínú ìgbà òtútù ṣáájú ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Kew Gardens níbí dé 21.2. Ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn, Greenwich tí kò jìnnà sí wa ló ga jù, 19.7 ní ọdún 1998. Àwọn ọmọdé ń lá áísìkiriìmù kiri. Àwọn àgbà na ara wọn sórí koríko.

Ṣé ẹ rí bó ṣe ṣẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló gbé ooru náà wá. Afẹ́fẹ́ wíwúwo kan jókòó sórí Yúróòpù, kò kúrò, ó wá ń fa atẹ́gùn láti gúúsù, láti ọ̀nà erékùṣù Canary létí Áfíríkà, wá bá wa. Ní Wales, atẹ́gùn yẹn gun òkè, omi ara rẹ̀ dà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, bó sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń gbóná sí i. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu tó máa dí oòrùn lọ́wọ́. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí: ojú ọ̀run tó mọ́ lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́, kò sí ohun tó máa dá ooru ilẹ̀ dúró, gbogbo rẹ̀ á gòkè lọ. Ọ̀sán á gbóná bí ti oṣù kẹfà, òru á ṣì jẹ́ òru oṣù kejì.

Mo ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè yẹn, dípò kí n lọ sùn, oko ni mo gbà lọ. Mo da àgbàdo tí Bàbá mi yà sọ́tọ̀ fún mi nígbà tí mo lọ sí Ìsẹ́yìn sínú ebè méjì. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀. Mo gbé ife ata rodo méjìdínlógún tí mo ti ń tọ́jú lójú fèrèsé láti oṣù kìíní jáde, mo tò wọ́n sábẹ́ ọ̀rá tí mo ta bí àgọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe Bàbá láti ibẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ilé o. Oòrùn ti dé bá wa níbí. Mo ti gbin àgbàdo yín.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, oṣù wo la wà yìí?”

“Oṣù kejì ni, sà.”

“O fọwọ́ kan ilẹ̀?”

Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní, “Àkọ́rọ̀ lò ń gbìn sí yẹn, ọmọ mi.”

Ẹni tó bá ti dáko rí nílé mọ ohun tí wọ́n ń wí. Òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ilẹ̀ á ta sánsán, ọwọ́ á máa yún ènìyàn láti di ọkọ́ mú. Ẹni tó bá gbin àgbàdo sí òjò yẹn, ó lè hù tán kí ọ̀dá tó dé, kí gbogbo rẹ̀ gbẹ mọ́lẹ̀ kí òjò gidi tó padà wá. Lójú mi ni Bàbá fi máa ń wa ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì kí wọ́n tó dá irúgbìn kan sílẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, n kò kàn mọ̀ pé ooru àárín òtútù nílùú òyìnbó, àkọ́rọ̀ náà ni.

Ata ló kọ́kọ́ lọ. Ata kò nílò ìrì dídì kó tó jìyà: tí òru bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 10°C, ara rẹ̀ kò ní yá mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin ewé wọn rọ̀, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bí ẹ̀fọ́ tí a bọ omi gbígbóná. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ìjì tí wọ́n pè ní Freya jà, ó ká ọ̀rá mi kúrò, ó da ìyókù ife nù. Nígbà tó di àárín oṣù náà mo wú àgbàdo kan láti wò ó. Ó rọ̀ láàárín ìka mi, èèpo rẹ̀ yọ́ kúrò lára, ó ń rùn bí omi ògì tó ti kan kọjá ààlà. Mo wú mẹ́wàá. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sunkún, torí irúgbìn Bàbá mi ni.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Mo ra tẹmómítà ilẹ̀, kò wọ́n. Òwúrọ̀ ni mò ń kì í bọlẹ̀, torí ọ̀sán máa ń purọ́. Àgbàdo ń fẹ́ kí ilẹ̀ tó 10°C ó kéré tán, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ń fẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa. Ata àti tòmátì kì í kúrò nínú ilé mi kí oṣù karùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, bó ti wù kí oòrùn ràn tó. Ẹni tó bá ní igi èso kékeré, tó bá yọ òdòdó láìtọ́jọ́, kó máa fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó lálẹ́, kó sì ṣí i lówùúrọ̀ kí oyin lè ríbi wọlé.

Ọjọ́ tó gbóná yẹn kì í ṣe àṣedànù o. Ẹ fi ro ilẹ̀, ẹ fi gbin àlùbọ́sà, òtútù kì í pa á. Àmọ́ ẹ má dáná sun pàǹtí. Koríko tó ti kú látinú òtútù máa ń gbẹ kíákíá lábẹ́ oòrùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 26 yẹn kan náà ni iná ńlá jó Saddleworth Moor nítòsí Manchester, nínú oṣù kejì!

Àgbàdo kò tán pátápátá. Ó ṣẹ́ kù ìwọ̀nba kan nínú agolo mílíìkì, torí ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, n kò kọ ebè kẹta. Láti ìgbà náà, mo máa ń pín irúgbìn sí méjì kí n tó jáde nílé. Ìparí oṣù karùn-ún ni mo gbin tinú agolo yẹn. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó yọrí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá lórí WhatsApp. Wọ́n ní kí n wa ilẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀ tó bá ga dé orúnkún, kí afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù má baà dà á.