Bí Aráyé Bá Di Ọ̀kan

Láti ọdún 2009 ni mo ti ń gbé ní Houston, ìlú tí ilé iṣẹ́ NASA ti ń darí àwọn tó wà lójú sánmà. Bóyá ìdí nìyí tí ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, fi fẹ́ràn ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ju oúnjẹ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, èmi àti òun jọ ń wo Star Trek lórí tẹlifíṣọ̀n, eré àròsọ ojú sánmà kan tí gbogbo ayé ti di ọ̀kan nínú rẹ̀, ló bá dédé bi mí pé, "Dádì, nígbà tí gbogbo ayé ti di ìjọba kan ṣoṣo, ta ló wá ń fún wọn ní físà?" Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú, nítorí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ̀ láti fún ìyá mi ní físà nígbà kejì, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin tí kò fẹ́ ju kí ó wá rí ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó sì padà sí Iléṣà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ó: ṣé ó ṣeé gbà gbọ́, pé ọmọ ènìyàn yóò di ọ̀kan lọ́jọ́ kan?

Kí a má purọ́ mọ́ àwọn tó kọ ìtàn náà, wọn kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 1966 ni eré náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ṣì gbóná ní Amẹ́ríkà, tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà sì ń fi bọ́ǹbù dẹ́rù ba ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n mú obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Nichelle Nichols, wọ́n fi í sí yàrá ìdarí ọkọ̀ ojú sánmà inú eré náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Uhura, láti inú ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí òmìnira. Nígbà tó di 1967, wọ́n fi ọmọ Rọ́ṣíà kan kún un. Nichols fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé òun ti fẹ́ fi eré náà sílẹ̀, Martin Luther King ló rọ òun pé kí òun má lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn wọn, ogun àgbáyé kẹta ti kọ́kọ́ jà, ó sì ti run ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ìgbà tó di 2063 ni àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn sọ̀ kalẹ̀ sí Montana ní Amẹ́ríkà, ìgbà náà ni aráyé tó rí i pé ìdílé kan ni àwọn jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ebi àti òṣì tó kúrò nílẹ̀. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó: àjèjì ní láti dé kí ará ilé tó mọ ara wọn.

Ohun tí mo gbà gbọ́ jù nínú ìtàn náà nìyẹn, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nílé, ọmọ Òkèṣà ni mí, àwọn ará àdúgbò kejì sì mọ̀ dájú pé n kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Ìbàdàn, mo di Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé Òṣómàáló ni mí, ẹni tí yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ìgbà tí mo lọ sin ìjọba ní Sókótó ni mo tó mọ̀ pé Yorùbá ni mí. Ní Houston, mo di ọmọ Nàìjíríà. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ọlọ́pàá kan fi dá mi dúró lójú títì lóru, ojú tó fi wò mí kò béèrè Iléṣà, kò sì béèrè Nàìjíríà, aláwọ̀ dúdú lásán ni mo jẹ́. Èmi kò yí padà ní gbogbo ọ̀nà yìí. Ẹni tó ń wò mí ló ń yí padà, bó sì ṣe ń jìnnà sí mi tó ni orúkọ tó fi ń pè mí ń fẹ̀ tó. Bí ẹ̀dá kan bá ti ojú sánmà wò wá lọ́la, mo gbà pé orúkọ kan náà ni yóò fi pe èmi àti ọlọ́pàá yẹn.

Kì í ṣe tèmi nìkan. Orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́ yìí, Yorùbá, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni àwọn Haúsá kọ́kọ́ fi ń pè. Àwọn Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ tí ogun kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tó sì kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní orúkọ ìlú wọn. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn pé "ẹ kú" ni àwọn tó yí wọn ká ń gbọ́, ni wọ́n bá sọ gbogbo wọn ní Aku. Ní Brazil wọ́n di Nagô, ní Kúbà wọ́n di Lukumí. Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n mú ní Òṣoogùn ní 1821, wà lára àwọn tó dé Freetown, ọwọ́ rẹ̀ sì pọ̀ nínú èdè tí gbogbo wa ń kọ lónìí. Ẹnu àjò ni a ti kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ wá wo àwọn tó wà nílé. Láti 1877 títí di 1893 ni ogun Kírìjì fi wà láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, orúkọ tí àwọn tiwa sì fún ẹgbẹ́ ogun wọn ni Èkìtì Parapọ̀. Parapọ̀! Ojú ogun ni a ti sọ orúkọ tó dùn tó báyìí. Àwọn ọmọ wọn tó ti àjò dé, tí wọ́n ń ṣòwò ní Èkó, ló ń bá wọn wá ìbọn ìgbàlódé. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyàwó mi, nítorí náà ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi ń sọ ìtàn yìí nínú ilé. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìparapọ̀ tó ní ọ̀tá níwájú kì í pẹ́ kó tó dúró. Èyí tí kò ní ọ̀tá ló ń fa làálàá.

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí mo wà nínú rẹ̀ níbí jẹ́rìí sí i. Bí ẹnìkan bá kú, tí a fẹ́ gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, ọjọ́ mẹ́ta kò ní pé tí owó yóò fi jọ, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá pàápàá yóò dáwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí a ra gbọ̀ngán tiwa, ọdún mẹ́rin ni a fi jiyàn: ta ni yóò jẹ́ akápò, orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé, kí ló dé tí àwọn ará ìlú kan fi pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ náà ti di méjì báyìí. Gbọ̀ngán kò sí.

Àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ fẹ́ràn láti máa sọ pé bí ewu kan bá dé bá gbogbo ayé, gbogbo ayé yóò fìmọ̀ ṣọ̀kan. A ti rí ewu náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, a pàdánù bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London sì lọ sílé lọ sin wọ́n. Kí ó tó padà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Botswana àti Gúúsù Áfíríkà ti rí ẹ̀yà Kòrónà tuntun tí wọ́n ń pè ní Omicron, wọn kò sì fi pa mọ́, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Kí ni ọpẹ́ tí wọ́n rí gbà? Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní ìhà gúúsù Áfíríkà, nígbà tó sì di ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, Nàìjíríà wọ àkọsílẹ̀ pupa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí eléwu. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé ní London, ní láti san £2,285 fún òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sé àwọn arìnrìn-àjò mọ́, nígbà tí àrùn yẹn kan náà ti ń rìn fàlàlà ní àdúgbò rẹ̀. Bí ọdún náà sì ṣe ń parí lọ, àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ wọn pé ní gbogbo Áfíríkà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àìsàn kò ní ojú tí yóò fi wò wá, kò sì pè wá ní orúkọ kankan. Ara wa la kọjú sí.

Ó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín pé èdè wa ti ní orúkọ fún gbogbo ọmọ ènìyàn lápapọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe fíìmù. Aráyé ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń lò ó lórí fóònù: "Má jẹ́ kí aráyé mọ ọjọ́ tí o ń bọ̀." Lẹ́nu tiwọn, àpapọ̀ ọmọ ènìyàn ni ẹni tí à ń sá pamọ́ fún.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí mo ti rí ìṣọ̀kan tí mo lè gbà gbọ́, ibùdó ńlá tó wà lójú sánmà, tí wọ́n ń pè ní International Space Station, ni mo máa tọ́ka sí, kì í sì í ṣe nítorí ìfẹ́. Orílẹ̀-èdè 15 ló fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1998, láti ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2000 títí di òní, ènìyàn kò tíì tán níbẹ̀ rí. Apá kan jẹ́ ti Rọ́ṣíà, apá kejì jẹ́ ti Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣe rẹ̀. Ní 2009, Gennady Padalka, ọmọ Rọ́ṣíà, ṣàròyé fún àwọn akọ̀ròyìn pé wọ́n ní kí oníkálukú máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí òun lo ẹ̀rọ eré ìdárayá àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí ilé tí mo háyà ní Ìbàdàn, níbi tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan ti ní àgádágodo tirẹ̀ lára ilẹ̀kùn ṣáláńgá. Síbẹ̀, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, tí àwọn ìjọba méjèèjì ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn, inú ọkọ̀ Rọ́ṣíà ni Mark Vande Hei, ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ọmọ Rọ́ṣíà méjì jọ jókòó sí tí wọ́n fi balẹ̀ sí Kazakhstan ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Apá Amẹ́ríkà ló ń fún apá Rọ́ṣíà ní iná mànàmáná, ẹ́ńjìnnì apá Rọ́ṣíà ló sì sábà máa ń gbé ilé náà sókè kí ó má baà já bọ́. Kò sí ẹni tó lè bínú jáde níbẹ̀, nítorí pé kò sí ìta.

Ìṣọ̀kan ilé náà kò sì kan gbogbo ènìyàn. Láti 2011 ni òfin Amẹ́ríkà ti dènà NASA láti bá ìjọba Ṣáínà ṣiṣẹ́ pọ̀ tààrà, Ṣáínà sì ti kọ́ ilé tirẹ̀, èyí tí wọ́n gbé apá àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sókè ní 2021. Ilé méjì ló ń yí ayé po báyìí, bíi ti ẹgbẹ́ wa ní Houston.

Ọ̀rọ̀ èdè nìkan ni n kò lè gbà lọ́wọ́ Star Trek. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan ń túmọ̀ gbogbo èdè, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé ń sọ sí wa létí, ìgbà díẹ̀ péré ni a sì gbọ́ Swahili lẹ́nu Uhura. Ìyẹn kì í ṣe ìparapọ̀ lójú mi. Ẹnìkan ló gbé àwọn yòókù mì. Ní ibùdó ojú sánmà tòótọ́, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè Rọ́ṣíà, ọmọ Rọ́ṣíà náà sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ahọ́n àwọn méjèèjì ló ń ta kókó ní èdè ara wọn. Nínú ilé tèmi, Yorùbá ni mo ń sọ sí ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, nítorí náà n kò lè bú àwọn onífíìmù jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù Kìíní, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, a jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti wo ibùdó náà bó ṣe ń kọjá, nítorí pé NASA máa ń kéde àkókò rẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ìràwọ̀ ńlá tí kì í ṣẹ́jú, tó ń rìn láìdúró. Ọ̀sán ni ní Iléṣà, a sì pe ìyá mi lórí WhatsApp kí wọ́n lè bá wa wò ó. Wọ́n tẹjú mọ́ fóònù títí.

"Ṣé ọmọ wa kankan wà nínú rẹ̀?"

Mo ní kò tíì sí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àwọn tó wá wà níbẹ̀ ńkọ́, ta ló ń fún wọn lóúnjẹ?"

Kí n tó lanu, ọmọ mi ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ń wá Yorùbá rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé fún ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń di oúnjẹ sínú àpò, tí ọkọ̀ ń gbé e lọ bá wọn, ìyá àgbà sì ń bá a tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, títí ìràwọ̀ náà fi wọ ẹ̀yìn òrùlé aládùúgbò wa.