Lógò tí ojú lè gbé
Oníbàárà mi kan fẹ́ kí ayé, ìwé, ẹyẹ idì àti ọwọ́ méjì tó bọra wọn wà nínú lógò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn sún un kì títí ó fi kéré bí èyí tó ń wà lójú fóònù, mo ní kí wọ́n wò ó. Idì ti di àbàwọ́n, ọwọ́ ò sí mọ́! Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹ yọ idì yẹn.” La bá ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ku ìwé tó ṣí sílẹ̀, àwọ̀ kan péré. Inú mi dùn gan-an ni. Ṣebí lógò tí ayàwòrán Carolyn Davidson yà fún Nike, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà, lọ́dún 1971, ọmọdé lè fi igi yà á sórí iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀la la ó mú àwọ̀.