Ẹ Má Tètè Tú U: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Ohun Èlò Oníná Tó Ti Gbó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àwókù ohun èlò oníná yìí, bí wọ́n bá kó áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, bùlẹ́ńdà àti fáànù tó ti kú kalẹ̀ níwájú yín, ọwọ́ á máa yún yín láti tú wọn palẹ̀ kí ẹ yọ bàbà inú wọn. Bàbà ń dán, ó ń wọ èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n bàbà inú kẹ́tùlù kan kò tó nǹkan. Inú wáyà tó wọ púlọ́ọ̀gì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Kẹ́tùlù tó bá tún lè se omi níyì ju gbogbo ohun tí ẹ lè yọ nínú rẹ̀ lọ.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó tú u. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá níbi tó ti wọ ara ẹ̀rọ àti níbi tó ti jáde lára púlọ́ọ̀gì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́. Rọ́bà òde lè wà láìní àpá kankan kí bàbà inú rẹ̀ ti já. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná, ẹ yí mítà tí a fi ń yẹ iná wò síbi tó máa ń dún bí iná bá lè gba inú wáyà kọjá, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan orí wáyà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí ẹ máa mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń dún tó sì ń dákẹ́, ẹ ti rí i. Lẹ́yìn wáyà ló kan fíúsì inú púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn ìyẹn súìsì.

Níbi fíúsì ooru ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ó wà nínú áyọ́ọ̀nù, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, àti nínú mọ́tò ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáànù. Nǹkan kékeré gbọọrọ ni, wọ́n sábà máa ń kì í bọ inú ọ̀pá aṣọ funfun kan tí iná ò lè jó. Wọ́n kọ ìwọ̀n ooru tó lè gbà sí i lára. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, ó já nìyẹn, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Àwọn kan á kàn fi wáyà lásán dípò rẹ̀, áyọ́ọ̀nù á gbóná, oníbàárà á dúpẹ́. Èmi ò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ohun tó ń ṣọ́ ooru áyọ́ọ̀nù bá lẹ̀ pọ̀ tí kò já iná mọ́, fíúsì yẹn nìkan ló kù kí ilé má baà jó. Èyí tó ní ìwọ̀n ooru kan náà àti ámúpù kan náà (ìwọ̀n iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá) ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sì fi irin gbígbóná yọ́ òjé sí i lára, torí ooru irin náà lè já tuntun yẹn kí ẹ tó gbọ́wọ́ kúrò. Páìpù irin kékeré tí a ń fi púláyà fún mọ́ wáyà ni kí ẹ lò.

Ẹ wá bi ara yín pé kí ló já a. Nínú fáànù, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé òróró ìdí irin tó ń yí ti gbẹ, irin náà ń le, mọ́tò wá ń fi agbára yí, ó ń gbóná. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíúsì tí kò nu ìdọ̀tí ibẹ̀, tí kò kán òróró sí i, fáànù yẹn á padà wá bá a. Bùlẹ́ńdà ní tirẹ̀, èédú méjì tó ń fara nu mọ́tò ló máa ń jẹ tán. Ẹ ó rí i tí iná ń ṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èédú náà ṣeé pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni bùlẹ́ńdà mìíràn wà tí kò ṣe nǹkan kan rárá, kọ́ọ̀pù rẹ̀ nìkan ló fọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń tọ́jú kọ́ọ̀pù àti ìdí bùlẹ́ńdà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ohun tí ẹ tún ṣe tó kúrò lọ́wọ́ yín, bó bá ní ara irin, ẹ gbé mítà sí i. Láàárín ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tí a ń pè ní earth, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, àti ara irin náà, ó gbọ́dọ̀ dún. Láàárín live tàbí neutral, ẹsẹ̀ méjì tí iná ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, àti ara irin, kò gbọ́dọ̀ dún rárá. Èyí tó bá dún níbi tí kò yẹ, ẹ gé wáyà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mú un lọ lò.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹ bá jà. Áyọ́ọ̀nù tí wáyà agbóná rẹ̀ jó mọ́ inú pẹpẹ irin ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Máíkíròwéfù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa: kapásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì dání lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Àwọn tí kò ní yè, ẹ yọ súìsì, mọ́tò, nọ́ọ̀tì àti wáyà wọn, kí ẹ kọ ibi tí wọ́n ti wá sí wọn lára. Ádápítọ̀ ṣájà tó ṣì dáa ṣeé lò fún ohun mìíràn, bí fóòtì rẹ̀ bá bá a mu rẹ́gí, tí ẹnu rẹ̀ kò yí positive sí negative, tí ámúpù rẹ̀ sì tó tàbí tó jù ú lọ.

Èyí tó kù ló ń lọ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ìròyìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2024 sọ pé àwókù ohun èlò oníná jẹ́ mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù ní 2022, ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ. Àwọn kékeré bíi tiwa yìí tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu: fíríìjì kò lè wọ agbọ̀n ìdọ̀tí, áyọ́ọ̀nù wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí àwòrán agbọ̀n tí wọ́n fa igi lé. Ohun tó ń sọ ni pé ká má da èyí pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí ilé.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí òòlù tó kan ohunkóhun. Ti lithium tó wà nínú ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n àti tọ́ọ̀ṣì lè gbiná bí ẹ bá gún un tàbí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ fi téèpù bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ má jó wáyà láti yọ bàbà, ọ̀bẹ ni kí ẹ fi bó o. Èéfín rọ́bà PVC ní májèlé dioxin nínú. Gílóòbù fluorescent ní mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, ẹ gbé e lódindi. Ike dúdú ara ẹ̀rọ sì sábà máa ń ní kẹ́míkà bromine tí wọ́n fi ń dènà iná, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ yọ́ ọ fi ṣe abọ́ ìjẹun, ẹ má tà á fún un.